Ọkọ̀ Orí Wáyà

Kíláàsì tí mo jókòó sí kọ́ ni kíláàsì tí Olùkọ́ Otia ń wí.
Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Òtútù Tbilisi ń gba abẹ́ fèrèsé wọlé,
àwa mọ́kànlélógójì nínú yàrá ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ,
a wọ ìbọ̀wọ́ tí a ti gé ní orí ìka
kí ọwọ́ lè ráyè tẹ bọ́tìnnì.

"Àwòrán ilé kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ òjò," ni Otia wí,
ó fi ẹfun ya àpótí kan sójú pátákó.
"Kíláàsì ni àwòrán. Ohun tí ẹ bá fi kọ́ ni ilé.
Ẹ lè kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé láti inú àwòrán kan,
kí ọ̀kan máa jó, kí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún máa wò ó."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ọ̀kan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá dé: kí kálukú mú ẹ̀rọ kan láti ìlú rẹ̀,
kí ó sọ ọ́ di kóòdù.
Vazha ọmọ Poti mú kírénì èbúté.
Darejan mú ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń fún èso àjàrà.
Èmi ọmọ Chiatura, kí ni n bá mú
bí kò ṣe ọkọ̀ orí wáyà,
àpótí irin tí ń fò láti etí odò dé ẹnu kòtò ìwakùsà,
èyí tí ìyá àgbà mi Nazibrola wà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
nínú ẹ̀wù búlúù kan, pẹ̀lú agogo kan àti ọ̀pá kan.

Mo kọ ọ́. Kíláàsì Ọkọ̀. Ìwúwo, iye èrò, eré.
Mo ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.
Aago méjì òru, mo ní kó gbéra.
Ó gbéra. Ó kó èrò tí iye wọn jẹ́ òfo ó dín mẹ́rin,
ó kọjá òkè, ó kọjá ìkùukùu, ó ń lọ ni,
títí kọ̀ǹpútà fi bú sẹ́kún pupa.

Mo pe ìyá àgbà. Àgbà kì í sùn tán.
"Báwo ni ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú?"
"Ta ló mọ̀? N kò rí inú rẹ̀ rí.
Wọ́n tì í pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.
Agogo lẹ́ẹ̀kan: dúró. Lẹ́ẹ̀mejì: máa bọ̀.
Mo fa ọ̀pá, ó lọ. Maguli, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn,
n kò sì pa ẹnikẹ́ni rí."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ omi tíì tó ń hó.
Ohun kan wà tí n kò bi í rí:
òwúrọ̀ tí ó gbé bàbá àgbà lọ sókè,
tí àpótí náà padà wálẹ̀ lálẹ́ láìsí i nínú rẹ̀.
A kì í ki ọwọ́ bọ inú ènìyàn ká fa ọ̀rọ̀ jáde.
Ilẹ̀kùn là ń kàn. Bí ó bá ṣí, ó ṣí.

Mo padà sí kóòdù. Mo ti ìwúwo mọ́ inú,
mo ti iye èrò mọ́ inú,
agogo àti ọ̀pá nìkan ni mo fi sí ìta.
Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó béèrè.

Ó ku ogún. Ogún ìlà péré ni mo fi kọ ọ́:
Ọkọ̀ Ìwakùsà jogún lára Ọkọ̀,
ó gba agogo, ó gba ọ̀pá, ó gba ìdákẹ́jẹ́.
Ìdákẹ́jẹ́ kò sí nínú ohun tí Otia béèrè. Èmi ni mo fi kún un:
iṣẹ́ kan tí kò ṣe nǹkan kan,
tó kàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lókè pátápátá
kó tó máa bọ̀ nílẹ̀.

Otia fún mi ní mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Ó fa ìlà pupa sábẹ́ ìdúró náà:
"Kí ni èyí wà fún?"
N kò tíì dá a lóhùn.