Àbúrò Tó Ṣáájú

Dhanbir, ilẹ̀ ń ṣú ní Nẹpáàlì;
oòrùn Doha ṣì wà lójú fèrèsé yín.
Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta
ni èmi àbúrò fi ń ṣáájú rẹ dàgbà.

Mo kó ọmọ ewúrẹ́ mẹ́ta sínú apẹ̀rẹ̀,
mo pọ̀n wọ́n gun òkè lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà,
kí o lè rí wọn.
O rẹ́rìn-ín. O ò béèrè Màmá.
Mo mọ̀: ẹni mẹ́jọ ló wà ní yàrá yín,
ibẹ̀ kò ṣeé sunkún.

Bàtà rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.
Mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ pọnmi
kó má baà gbàgbé ojú ọ̀nà ilé.
Ó ti ń fún mi lẹ́sẹ̀.