Ilé Ló Gbẹ̀yìn Gbólóhùn

Lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìjẹ́rù, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé orí agolo mílíìkì,
mo ṣí ìwé olójú-ewé ọgọ́ta.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tún di ọmọ iléèwé
nítorí ọmọ kan ní Kóńyà tí ń pè mí ní babaanne,
tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè bàbá rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń kí mi lálẹ́.

Tìámíyù tó ń tún fóònù ṣe ní Tákíè,
tó lo ọdún méje ní Tọ́kì, ni olùkọ́ mi.
Kò gbowó. Ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ bí i sí.
Ó ní, "Màmá, wọn ò ní 'tí' lọ́hùn-ún."
Mo ní, "Kí ni wọ́n wá fi ń so ọ̀rọ̀?"
Ó ní wọn kì í so ó,
ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń rọ nírù.
Gelen kadın: obìnrin tó ń bọ̀.
Bíbọ̀ ló ṣáájú, obìnrin ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò á kọ́kọ́ wọlé,
a ó bu omi fún un, a ó rí ojú rẹ̀,
kí "tí" tó bi í pé kí ló gbé e wá.
Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹrù ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn,
ìrìn ẹsẹ̀, eruku ọ̀nà;
gbogbo rẹ̀ á wọlé tán
kí olórúkọ tó yọjú.
Mo ní, "Bí ìrọbí ni."
Tìámíyù bú sẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàwàdà.
Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ̀bí,
mi ò rí ibi tí orúkọ ti ṣáájú ìrora rí.

Lálẹ́ Sátidé, Defne pè.
Mo fi fóònù yí gbogbo ilé po:
ògiri tí òjò ti jẹ, igi káṣú ẹ̀yìnkùlé,
yàrá tí mo bí Oyèkànmí bàbá rẹ̀ sí
lóru tí àgbàrá dínà,
tí agbẹ̀bí gbẹ̀bí ara rẹ̀.
Mo to ọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń to ẹyin,
mo ní, "Doğan ev, Defne, doğan ev!"
Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga:
"Babaanne, evler doğmaz!"
Wọn kì í bí ilé.

Tìámíyù tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé:
"-an, fún ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ ni.
Ilé kọ́ la bí, bàbá rẹ̀ la bí.
Ẹ fi àmì sí bàbá lára,
ẹ fi òmíràn sí bíbí lára,
kí bíbí lè mọ ẹni tó ni ín:
babanın doğduğu ev."
G kan dé fìlà láàárín rẹ̀, kì í fọhùn;
o ló síwájú, u méjì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí òròmọdìyẹ.

Mo kọ ọ́ nígbà ogún.
Síbẹ̀ mi ò pa doğan ev rẹ́.
Kí Oyèkànmí tó ké lóru ọjọ́ yẹn,
ògiri mẹ́rin àti páànù la ní.

Lánàá ni ọmọ náà bi mí: "Gelecek misin?"
Ṣé wàá wá?
Mo mọ gelecek. Gelecek yıl, ọdún tí ń bọ̀;
bó bá dá dúró, tí kò ní ọdún lẹ́yìn,
ọjọ́ iwájú ló ń jẹ́.
Mi ò ní ìwé ìrìnnà. Orúnkún mi ò gba àtẹ̀gùn.
Mo wo ìwé mi. Gelmeyen wà níbẹ̀,
ẹni tí kò wá,
tí mo kọ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá
láì fi orúkọ kankan tẹ̀ lé e.
Mo ní, "Dúró, ọmọ mi, jẹ́ n mú awò ojú mi."
Kò gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀."
Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù.