Ẹgbẹ̀rún Kan Ó Lé Ẹyọ Kan

Abíọ́nà agbẹ̀bí pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa,
ohùn rẹ̀ le bí gààrí tí kò tíì rí omi.
Ó ní, "Ẹ̀rọ kọ̀ mí. Ó ní n kò láyè.
Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ níjẹta,
ó ń wò mí bí ẹni tó wá jalè."

Mo dá sẹmijáàn dúró nídìí Àkábà Ìdẹ́nà,
igba sẹ́fà, erùpẹ̀ pupa dé eyín.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nílé ìgbẹ̀bí náà:
ti ọ́fíìsì, àgbà, tó ń tọ́jú ìwé,
àti tuntun tí wọ́n gbé dé láti Kutọnu lánàá
sí yàrá tí wọ́n ti ń rọbí.
Okùn búlúù kan gba ojú fèrèsé so wọ́n pọ̀;
aláǹgbá jókòó lé e bí ẹni ń fetí sọ́rọ̀.
Àpò-ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń lò:
orúkọ ìyá, wákàtí, ìwọ̀n ọmọ, igbe àkọ́kọ́.

Mo wo okùn. Okùn ò ṣẹ̀.
Mo wo ìwé tí àgbà fi ń gbàlejò,
àdírẹ́sì tuntun wà níbẹ̀, kò já létà kan.
Àlejò wọlé, ó jókòó, ó ń ka gbogbo rẹ̀,
àmọ́ tó bá na ọwọ́ sí bírò báyìí,
"A kò gbà ọ́ láyè."

Mo ní kò burú. Mo di rúùtù, ọba inú ẹ̀rọ,
ẹni tí Línúsì kì í bi pé níbo lò ń lọ.
Mo gbé ìgbéraga mi dé ẹnubodè àgbà.
Ó ṣí adé lórí mi,
ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Kò-sẹ́nìkan ló dé.
Ẹ̀rín pa mí. Ọba ìlú kan, àlejò ìlú kejì.

Ìgbà náà ni mo ní kó to ìwé náà síwájú mi
kó sọ ẹni tó ni wọ́n.
Kpòsú! Kpòsú! Kpòsú!
Ọmọkùnrin tó to ẹ̀rọ tuntun ní Kutọnu,
tí kò fẹsẹ̀ tẹ Kétu rí,
òun ló ni gbogbo ọmọ tí a bí láti ọdún mẹ́ta.
Abíọ́nà pàtẹ́wọ́: "Ọkọ gbogbo ìlú!"

Àwa a máa wolé ká tó sọmọ lórúkọ.
Ẹ̀rọ kì í wolé. Nọ́ńbà ló ń kà.
Lọ́dọ̀ àgbà, Abíọ́nà ni ẹgbẹ̀rún kan.
Lọ́dọ̀ tuntun, Kpòsú ti jókòó síbẹ̀,
Abíọ́nà wá di ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹyọ kan.
Ẹyọ kan péré. Ó sọ onílé di àjèjì.

Igbe kan ta láti yàrá kejì.
"Ẹ ṣí i fún gbogbo ayé, jàre! Méje, méje, méje!
Obìnrin ń rọbí, ẹ̀yin ń ka nọ́ńbà!"
Ìka mi ti dé orí bọ́tìnnì.
Mo rántí ọmọbìnrin tó wá lóru,
tó ní kí wọ́n má kọ orúkọ bàbá.
Nínú àpò yìí ló wà.
Ìlú tí ogun ti jó rí kì í fi ẹnubodè ṣeré.

Mo ṣí Kpòsú nípò, mo fún un ní nọ́ńbà tó jìnnà.
Mo dá ẹgbẹ̀rún padà fún ẹni tó ni í,
mo dá ẹrù ilé rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú.
Mo tú àpò náà, mo tún un so.
Ó jáde, ó tún wọlé.

Ó fi ọwọ́ tó ṣì tutù fún omi tẹ̀ ẹ́:
Obìnrin. Kílò mẹ́ta dín díẹ̀. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ẹ̀rọ gbà á, kò wí nǹkan kan.
Àyè orúkọ ṣófo. Ó di ọjọ́ kẹjọ.
Nọ́ńbà ti dúró síwájú rẹ̀ ní tirẹ̀.