Fulvia Kò Mọ Ọjọ́ Ajé

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kùrukùru ti gbé Mongrando mì,
kò sí òkè, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì,
iná pupa ilé búrẹ́dì nìkan ló kù láyé.
Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Mo fa ṣóòkù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
n kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìkẹta a máa fi epo pa á lẹ́nu mọ́.
Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́.
Ọdún tí wọ́n ṣe é náà ni wọ́n bí mi;
èmi náà ń wúkọ́ láàárọ̀.

Mo ní, “Ìwọ ọmọ Torino, ọ̀gá mi kò mọ̀ ọ́ ní arẹwà,
aago mẹ́fà ló mọ̀.
Ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í dúró de ẹni tó ń bẹ mọ́tò.”

Nives yọjú lójú fèrèsé, ife kọfí lọ́wọ́.
Kò sọ̀rọ̀. Ojú ló fi sọ ọ́:
owó tí a fi ra kabúrétọ̀ lóṣù Kẹsàn-án
ì bá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, kó sì ṣẹ́kù.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo tì í. Ọ̀nà wa dagẹ̀rẹ̀,
ìdí nìyẹn tí mo fi yan ilé yìí;
Nives rò pé nítorí igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé ni.
Ó yí. Ó ń yí lọ. Mo fò wọlé, mo já jíà kejì sí i,
ó bú ramúramù!
Adìyẹ Ìyá Boggio fò sórí ọgbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣẹ́gun mi.

Lọ́jọ́rú, òjò. Wáípà kan nà gangan sókè
bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn,
kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.
Mo yọ orí síta, mo ń wa ọkọ̀ bí ajá tó ń gba atẹ́gùn.
Loris bá mi lójú ọ̀nà nínú mọ́tò oníná rẹ̀ tí kì í dún,
ó rọ gíláàsì sílẹ̀: “Delmo, ṣé kí n gbé ọ?”
Omi ń ṣàn wọ etí mi. Mo ní rárá.

Wọ́n ń bi mí níbi iṣẹ́ pé kí ló dé.
Mo ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, bó ṣe ń dún kọ́ tí a bá tì í,
bí ẹni tó parí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ àríyànjiyàn.
Mo ní ìrísí rẹ̀ ni. Mo ní ìwà ni.
N kò sọ fún wọn pé èéfín sìgá bàbá mi ṣì wà nínú àjà rẹ̀,
ọdún kejìlá rèé,
àti pé nígbà òjò ló máa ń jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tì.
Ó tì ní Occhieppo, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.
Oreste Perucca wá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
mẹkáníìkì tí etí rẹ̀ méjèèjì ti di.
Ó gbé ẹnu sukudiráífà lé ẹ́ńjìnnì,
ó fi eyín di èèkù rẹ̀ mú, ó pa ojú dé.
Egungun ló fi ń gbọ́.
Mo dúró bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà.
“Fáàfù kẹta,” ó ní. Ó nu itọ́.
“Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbọ́ tirẹ̀?”
Kò dúró gba èsì. Bí mo tilẹ̀ fèsì, kò ní gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, kò sí iṣẹ́.
Agboòrùn tí mo gbàgbé ni mo fẹ́ mú.
Ọwọ́ mi ṣèèṣì kan kọ́kọ́rọ́,
ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
láìsí ṣóòkù, láìsí ẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi orí àpáta.
Kò sí ibi tí à ń lọ.
Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.
Nives wọ́ sílípáàsì rẹ̀ wá, ó jókòó tì mí.
“Pa á,” ó ní, “epo ti wọ́n.”
Kò sì jáde.