Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ẹyẹ

Òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta ní Quemchi,
ní erékùṣù Chiloé, nísàlẹ̀ ilẹ̀ Chile lọ́hùn-ún,
nígbà tí Ìyá Edelmira tari ilẹ̀kùn ilé ìkàwé mi wọlé,
omi ń kán lára ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ sórí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó wúkọ́ bí ẹni fẹ́ kí àlejò pàtàkì,
ó wá ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́:
"Ẹ káàsán o. Mo ń wá ọkọ̀ ojú omi bàbá mi.
Golondrina lorúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Ẹ ṣé."

Ẹ̀rọ náà kò mọ ìkíni.
Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀.
Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti da ẹyẹ sílẹ̀ níwájú wa:
alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lórí wáyà, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ nínú ìtẹ́,
torí ohun tí golondrina jẹ́ lédè wa nìyẹn;
hòtẹ́ẹ̀lì kan, ilé ọtí mẹ́ta,
àti ẹnì kan tó fẹ́ ta bàtà fún wa,
tó sanwó kó tó ráàyè dúró lókè.
Ìyá wò mí. "Nibaldo, ṣé adití ni?"

Mo ní, Ìyá, kì í ṣe adití. Ó ń kàwé, kò lóye ni.
Ẹ má rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré jáde nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì.
Àwọn aláǹtakùn rẹ̀ ti rìn tipẹ́, lóru, lọ́sàn-án,
wọ́n á di okùn mú láti ojú ìwé kan bọ́ sí òmíràn,
ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rí, wọ́n á ṣà á wálé
sínú ìwé atọ́ka kan tó tóbi ju erékùṣù yìí lọ.
Ìwé yẹn ló ṣí. Kò ṣí ayé.
Ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ń nàka sí ló ń tì síwájú,
ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ kọ́ ló mọ bàbá yín.
Ẹni béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lóòótọ́;
ẹni tó béèrè ọ̀nà oko tí kò dárúkọ oko ńkọ́?

A bẹ̀rẹ̀ sí í bó o bí ẹni bó ọdúnkún.
A yọ ẹ káàsán. A yọ ẹ jọ̀ọ́. (Ó dùn ún díẹ̀.)
A fi àmì àyọlò ká "lancha Golondrina" mọ́,
kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má baà fi ara wọn sílẹ̀.
A fa ìlà kékeré síwájú ẹyẹ,
ìlà tó ń wí pé: ìwọ, má wọlé.
A fi Quemchi kún un, àti 1960,
ọdún tí ilẹ̀ mì tí òkun sì gun òkè wá bá wa.
Síbẹ̀, pàbó.

Ìyá dákẹ́. Ó ní, "Akọ̀wé èbúté kò ní kọ 'ọkọ̀ bàbá mi'.
Orúkọ olówó ọkọ̀ ni yóò kọ."
Ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́: Oyarzún, Belarmino.
Èmi, olùtọ́jú ìwé ọdún mọ́kàndínlógún, kò ronú kan ìyẹn.

Ẹyẹ fò lọ. Bàtà lọ. Ó ku mọ́kànlá.
Ẹ̀kẹsàn-án ni àwòrán ìwé èbúté kan, tádàwà rẹ̀ ti pọ́n:
Golondrina, igi sípírẹ́sì, òpó ìgbòkun kan, B. Oyarzún.
Lẹ́yìn orúkọ náà, ìlà kékeré,
irú èyí tí a fi lé àwọn ẹyẹ.
Ìyá fọwọ́ kàn án lójú ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù.

"Ibo ló wá gbà lọ?"
Mo ní kò sẹ́ni tó tíì kọ ọ́;
aláǹtakùn kì í ká ohun tí ẹnikẹ́ni kò so.
"Èmi mọ̀ ọ́n," ló wí, ó fa àga súnmọ́ mi. "Máa kọ."
Ó sọ àwọ̀ ìgbòkun, ó sọ ajá tó kọ̀ láti wọkọ̀ láàárọ̀ yẹn,
mo ń kọ ọ́ títí wọ́n fi tan iná èbúté,
mo sì gbé e síbi tí gbogbo ayé lè rí i.
Ó tún ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ dì. "Ìgbà wo làwọn aláǹtakùn ń bọ̀?"
Mo ní n kò mọ̀.
"Ṣé wọ́n á máa rìn nínú òjò?"