Ohun Tó Wúwo

Nínú báàfù ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti kọ́ ọ,
kì í ṣe létí odò.
Baba Murdo, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
tí mo ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀ láràárọ̀ ní Sanquhar,
ló ní kí n bu yanrìn wá nínú ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé,
kí n já òjé mẹ́ta sí i lára okùn ìpẹja rẹ̀ àtijọ́.
Àwo ike aláwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ní ilà bí ojú Ọ̀yọ́.
"Mì í," ó ní. "Má bá a jà. Mì í."
Omi ń yí, yanrìn ń bá omi lọ,
òjé mẹ́ta jókòó sísàlẹ̀
bí àgbà tí wọ́n ní kó dìde, tí kò dìde.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ ọwọ́ yìí tipẹ́.
Ọwọ́ tí Màámi fi ń yọ òkúta ẹ̀wà nìyí
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìpẹ́rìndó:
mì, yí, dà; mì, yí, dà,
ẹ̀wà á bá omi lọ sínú ìkòkò,
òkúta á kù nínú igbá.
Àmọ́ nílé, èyí tó wúwo la ń sọ nù.

Lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn irin wà,
ọ̀pá gígùn, ẹnu rẹ̀ róbótó bí àwo ọbẹ̀.
"Mú un. Gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí o tó wọ oko rẹ̀.
Ihò tí o bá gbẹ́, dí i.
Bí o bá rí ohun tó ju orí rẹ lọ,
má gbé e pamọ́, lọ sọ fún ìjọba."
Mo gbàṣẹ. Ìyáàfin Geddes, alágùntàn,
wò mí láti orí dé bàtà òjò,
ó ní kí n ṣáà má ṣí géètì sílẹ̀.

Sátidé mẹ́ta.
Ẹ̀rọ ké bí ìrẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbẹ́:
ìdérí agolo.
Ó tún ké: ìṣó. Ìṣó. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹnì kan
tó ṣeé ṣe kó wá a títí ilẹ̀ fi ṣú.
Àwọn àgùntàn ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè.
Mo dí gbogbo ihò.

Oṣù Kàrún ni mo tó gbàwé àṣẹ, mo wakọ̀ gòkè lọ sí Wanlockhead,
mo sọ̀ sínú odò.
Omi Skọ́tíláǹdì kì í kí èèyàn, ṣe ló ń géni jẹ.
Baba ní ọ̀lẹ ni wúrà,
ibi tí eré omi bá ti rọlẹ̀, lẹ́yìn àpáta, ló ń sùn sí.
Mo gbẹ́, mo bù, mo mì.
Wákàtí mẹ́rin. Èékánná mi wọ àwọ̀ àlùkò.
Nígbà tó ku yanrìn dúdú díẹ̀ létí àwo,
mo rí i.
Mẹ́ta. Kò sí èyí tó tó ẹyin iná.

Baba gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó di ojú kan.
"Òkúta ẹlẹ́tàn ni méjì. Ẹyọ kan ni.
Epo tí o fi wakọ̀ wọ́n jù ú lọ."
Ẹ̀rín pa á, ó wúkọ́, mo fún un lómi,
ṣùgbọ́n kò dá ìgò mi padà títí di alẹ́.

Mo pe Màámi. Mo ní, mo rí wúrà.
Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù.
"Èyí tó wà lẹ́yìn oko kòkó bàbá rẹ ńkọ́?
Àwọn tó wá gbẹ́ ẹ, wọn ò dí ihò.
Odò tí mo fi wẹ̀ ọ́ lọ́mọ ọwọ́, ó ṣì pọ́n bí epo títí dòní."
N kò mọ èsì tí mo lè fún un.
Mo ní ó dàárọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú mo da ẹ̀wà sínú àwo aláwọ̀ ewé náà,
ẹ̀wà olóyin tí àbúrò mi fi ránṣẹ́.
Mì, yí, dà.
Òkúta kan kù nísàlẹ̀, kékeré, aláwọ̀ eérú,
tó wọkọ̀ òfurufú wá láìgba físà.
Mo ti gbé e sókè sójú fèrèsé
kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe,
n kò sì tíì sọ ọ́ nù.