Ìlà Kejìlá

Mo ti kọ orúkọ mọ́kànlá.
Ìlà kejìlá ṣì ṣófo,
bírò sì ń gbẹ lọ́wọ́ mi.

Ládépò, ìwọ ni mò ń rò.
Lánàá, ní pápá Àpákẹ́, o fò,
mo ka ení, èjì, kí o tó balẹ̀;
bọ́ọ̀lù wọnú àwọ̀n láìkan irin,
àwọn tó ń ṣa káṣú lẹ́yìn ọgbà
gbàgbé àpò wọn sílẹ̀.

Ṣé irú ọwọ́ yẹn ni n ó fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Fèrè kan ṣoṣo dún.
Rẹfirí ní o tẹ ìlà. O tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, mo rí i.
O la bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri,
o gbá ọwọ́ Rájí dànù,
ọmọ tó kàn ń gbé omi bọ̀ wá fún ọ.
Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń he ọ̀rá omi nílẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.
Olówó tìrẹ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ agùnfọn;
ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìbàdàn lọ́la. Mọ́tò á gbéra láago márùn-ún.
Láìsí ọ, ogún ayò ni wọ́n á fi nà wá.
Bí o bá bá wa lọ, a lè borí,
kí n sì ti ọ̀nà pàdánù mọ́kànlá.

Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kan.
Ó dáa. Ládépò, ìwọ ni o máa gbé omi.
Mo ti kọ orúkọ rẹ síbẹ̀.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.